Ẹ Kọ Orúkọ Obìnrin Tó Ya Olorì Yẹn Sábẹ́ Fọ́tò Ẹ̀

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú wàhálà ìwé ìròyìn. Ìkòròdú ni mo ti ń kọ̀wé yìí, ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí Sábó, àwòrán ojú èèyàn ni mo máa ń yà, ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti ń jẹun nídìí ẹ̀. Mi ò kọ̀wé sí yín rí, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀sẹ̀ la máa ń ra ìwé ìròyìn yín, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló máa ń kà á sókè fún ẹni tó bá jókòó kí n yà á, torí ẹni tó bá ń gbọ́ ìròyìn kì í mira púpọ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ ọ́ lónìí ni fọ́tò tẹ́ ẹ gbé sí ojú ewé àwọn obìnrin lọ́sẹ̀ tó kọjá. Obìnrin òyìnbó kan tó wọ sílíkì aláwọ̀ búlúù, ìyẹ́ wà lórí ẹ̀, ó mú òdòdó róòsì lọ́wọ́. Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé Marie Antoinette, olorì ilẹ̀ Faransé, tí wọ́n bẹ́ lórí lọ́dún 1793. Ó parí síbẹ̀. Òótọ́ lẹ kọ, mi ò bá yín jiyàn. Ṣùgbọ́n kò sí kámẹ́rà láyé ìgbà yẹn, àwòrán yẹn ò ṣàdédé wà, èèyàn kan ló jókòó síwájú olorì yẹn tó po ọ̀dà tó wo ojú ẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́ kó tó yọ, obìnrin sì ni ẹni náà, Elisabeth Vigée Le Brun lorúkọ ẹ̀, ọdún 1783 ló yà á. Ẹ dárúkọ ẹni tó jókòó, ẹ dárúkọ ọdún tó kú, ẹ dárúkọ bí wọ́n ṣe pa á, ẹ ò dárúkọ ẹni tó ṣiṣẹ́. Ó dùn mí débi pé mo ká ìwé ìròyìn yẹn mo fi sábẹ́ tábìlì, mi ò lè fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Nílé ìwé ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ obìnrin yìí, olùkọ́ wa kan fi àwòrán ẹ̀ hàn wá lẹ́ẹ̀kan péré, ó ṣí ewé yẹn kọjá. Nígbà tó yá ni ọmọ mi bá mi rí ìwé tí Elisabeth fúnra ẹ̀ kọ nípa ayé ẹ̀ lórí fóònù, ìwé yẹn jáde láàárín 1835 sí 1837, ó ti pé ẹni 80 ọdún nígbà yẹn, wọ́n ti wá túmọ̀ ẹ̀ sí gẹ̀ẹ́sì. Díẹ̀díẹ̀ ni mo kà á, lálaalẹ́, títí mo fi kà á tán. Ẹ jẹ́ n sọ díẹ̀ níbẹ̀ fún àwọn tó ń ka lẹ́tà yìí.

Paris ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1755. Ayàwòrán ni bàbá ẹ̀, ìyá ẹ̀ ń ṣerun fáwọn èèyàn. Wọ́n fi ọmọ yìí sílé ẹ̀kọ́ àwọn síístà Àgùdà, ó ń yàwòrán sára ògiri, ó ń yà á sí etí ìwé tiẹ̀ àti tàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀, wọ́n á sì fìyà jẹ ẹ́. Bàbá ẹ̀ ló wá rí nǹkan tó yà lọ́jọ́ kan tínú ẹ̀ dùn, tó ní ayàwòrán lo máa jẹ́, ọmọ mi. Ọmọ ọdún 12 ló wà nígbà tí bàbá yẹn gbé egungun ẹja mì, ibẹ̀ ni àìsàn tó pa á ti wá. Ìyá ẹ̀ fẹ́ ẹlòmíràn, oníwúrà kan, ọkùnrin yẹn wá ń wọ aṣọ bàbá tó kú. Kò tiẹ̀ gbé e lọ fún télọ̀ kó bá a tún un ṣe kó lè bá ara ẹ̀ mu, bó ṣe bá a nínú àpótí ló ṣe ń wọ̀ ọ́ jáde. Ọmọ wá ń wo aṣọ bàbá ẹ̀ lọ́rùn ẹlòmíràn láràárọ̀. Àwa tá a bí níbí mọ bí aṣọ òkú ṣe máa ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹbí, ẹ̀yin ẹ wò ó, obìnrin yìí ti di arúgbó, ó ti ya ọba, ó ti ya olorì, aṣọ yẹn ò tíì kúrò lójú ẹ̀, ó kọ ọ́ sínú ìwé.

Owó tó ń pa nídìí àwòrán, ọkọ ìyá ẹ̀ ń gbà á. Kò tíì pé 20 ọdún tí àwọn aláṣẹ wá ti ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ pa torí pé kò ní ìwé àṣẹ, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń wá ti ṣọ́ọ̀bù wa pa níbí, ló bá lọ wọ ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán lọ́dún 1774. Lọ́dún 1776 ó fẹ́ Le Brun, ọkùnrin tó ń ra àwòrán tó ń tà á, ó rò pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ ọkọ ìyá. Kàkà kéwé àgbọn rẹ̀, líle ló ń le sí i. Ọkùnrin yìí tún gba gbogbo owó. Ó kọ ọ́ pé owó tóun rí nídìí iṣẹ́ kóun tó kúrò nílẹ̀ Faransé lé ní mílíọ̀nù kan fránkì, ọkọ òun ló ná an tán. Lọ́dún 1780, ọjọ́ tó bí ọmọ ẹ̀ obìnrin, ó ń rọbí, ó ń yàwòrán, tí ìrora bá mú un á dúró, tó bá rọlẹ̀ á tún gbé búrọ́ọ̀ṣì. Èmi náà ti bímọ rí, mo mọ ohun tí mò ń sọ tí mo bá ní iṣẹ́ yẹn ló gbé e ró.

Ọdún 1778 ló kọ́kọ́ ya olorì yẹn, kí wọ́n lè fi ránṣẹ́ sí ìyá olorì ní Vienna. Látìgbà náà ó yà á tó bíi ìgbà 30. Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú ìwé yẹn wà níbí. Elisabeth lóyún lẹ́ẹ̀kan, oyún ọ̀hún ti wúwo, ó yẹ kó lọ ya olorì lọ́jọ́ kan, ara ẹ̀ ò yá, kò lè lọ. Lọ́jọ́ kejì ó sáré lọ sí Versailles, níbi tí ààfin ọba wà, kó lè lọ bẹ̀bẹ̀. Olorì ti múra àtijáde, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ti ń dúró dè é. Nígbà tó gbọ́ pé ayàwòrán wá, ó lóun ò jáde mọ́, òun ò fẹ́ kí ìrìn ẹ̀ já sásán. Ìkánjú bá mú Elisabeth, àpótí ọ̀dà ẹ̀ dojú dé, búrọ́ọ̀ṣì fọ́n ká ilẹ̀, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ṣà á. Olorì ní fi í sílẹ̀, oyún ẹ ti wúwo jù fún ìbẹ̀rẹ̀, ló bá bẹ̀rẹ̀ fúnra ẹ̀ ó ṣa gbogbo búrọ́ọ̀ṣì yẹn nílẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dé ààfin Àyángbùrẹn rí, ẹ fojú inú wò ó. Àwa là ń dọ̀bálẹ̀, àwa là ń kúnlẹ̀, oníṣẹ́ ọwọ́ a máa fẹ̀yìn rìn jáde. Kí olorì wá bẹ̀rẹ̀ ṣa irinṣẹ́ fún obìnrin tí wọ́n gbéṣẹ́ fún! Ìgbàkígbà tí búrọ́ọ̀ṣì bá bọ́ lọ́wọ́ mi ni mo máa ń rántí ẹ̀.

Àwòrán tẹ́ ẹ gbé jáde yẹn gan-an ní ìtàn tiẹ̀, ẹ ò bá ti fi ìlà méjì sọ ọ́ fáwọn obìnrin tó ń ka ojú ewé yẹn. Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ gbé síta lọ́dún 1783. Èyí tó kọ́kọ́ gbé síbi ìpàtẹ àwòrán ní Paris, aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni olorì wọ̀, fìlà koríko ló dé, kò sí góòlù lọ́rùn ẹ̀. Ni ìlú bá dàrú. Wọ́n ní ó ti ya olorì nínú ṣimí, àní ṣimí náà ni wọ́n ń pe irú aṣọ yẹn lédè wọn, ó jọra pẹ̀lú bá a ṣe ń pè é níbí. Wọ́n ní aṣọ abẹ́ ni, wọ́n ní ó tàbùkù adé, wọ́n tún ní ó fẹ́ ba ọjà sílíkì ilẹ̀ wọn jẹ́. Wọ́n ní kí wọ́n gbé e kúrò. Ló bá tún ya òmíràn, ojú kan náà, ìdúró kan náà, róòsì kan náà, ó kàn fi sílíkì búlúù wọ̀ ọ́. Òun lẹ gbé jáde. Ẹ tún wo fọ́tò yẹn, ẹ wo bí aṣọ yẹn ṣe ń dán nídìí ọwọ́, kẹ́ ẹ wá rò ó pé ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bú ní gbangba ló jókòó yà á.

Ọdún yẹn náà ni wọ́n gbà á sínú ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán ọba. Obìnrin mẹ́rin péré ni wọ́n máa ń gbà níbẹ̀, wọn ò sì fẹ́ gbà á, wọ́n ní torí pé ọkọ ẹ̀ ń ta àwòrán, olorì ló bá ọba sọ ọ́ kí wọ́n tó jẹ́ kó wọlé. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n gba obìnrin ayàwòrán mìíràn, Adélaïde Labille-Guiard, kíá ni àwọn èèyàn sì sọ àwọn méjèèjì di orogún. Ìyẹn náà kò tíì tó. Wọ́n tún ń sọ kiri pé kì í ṣe òun ló ń ya àwọn àwòrán ẹ̀, pé Ménageot ni, ọkùnrin ayàwòrán kan tí wọ́n jọ ń gbé ilé kan náà. Owó ẹ̀ ti lọ sọ́dọ̀ ọkọ, wọ́n tún fẹ́ gbé orúkọ ẹ̀ fún ará ilé.

Ibi tọ́rọ̀ ti kàn mí nìyí, ẹ má bínú tó bá gùn.

Nǹkan bí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ilé ńlá kan níbí fẹ́ sin ìyá wọn, màmá tó ti ta ẹja gbígbẹ títí ọjọ́ ogbó. Fọ́tò kékeré kan ṣoṣo ni wọ́n gbé wá fún mi, ti káàdì ìdìbò, màmá panu mọ́, ojú ẹ̀ le bí ẹni tí wọ́n ń bá jà. Mo ní kí wọ́n jókòó kí wọ́n sọ màmá fún mi, báwo ló ṣe ń rìn, báwo ló ṣe ń pe ọjà. Àbígbẹ̀yìn wọn obìnrin ló sọ pé màmá ní ẹ̀jí, pé ẹ̀jí yẹn ni wọ́n fi ń pè é lọ́jà. Mo bá ya màmá bó ṣe ń rẹ́rìn-ín, mo ya ẹ̀jí. Eyín ṣòro o. Ẹni tí ò bá mọ̀ á lo funfun, funfun lásán á jẹ́ kó dà bí eyín tí wọ́n rà. Wàá fi yẹ́lò díẹ̀ sí i, wàá fi àwọ̀ eérú sí ibi tí ètè òkè ṣíji bò, ẹ̀jí fúnra ẹ̀ ò sì gbọ́dọ̀ dúdú, búráùn tí pupa wà nínú ẹ̀ ni, torí inú ẹnu èèyàn tó wà láàyè lò ń wò. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ya ẹnu yẹn nìkan. Nígbà tí wọ́n wá wò ó, àkọ́bí yarí, ó ní kí ló ń pa màmá lẹ́rìn-ín nínú àwòrán ìsìnkú. Àbígbẹ̀yìn yẹn ò dá a lóhùn, ó kàn na ìka sí ẹ̀jí yẹn, ọ̀dà ò tíì gbẹ, ó lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ló bá bú sẹ́kún, ó ní màámi rèé.

Wọ́n san owó mi pé, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìsìnkú, wọ́n ti tẹ àwòrán yẹn sára báàgì, sára kọ́ọ̀pù, sí iwájú ìwé ètò ìsìn. Mo sáínì orúkọ mi sí igun ìsàlẹ̀ lápá òsì, wọ́n ti gé e kúrò kó lè gba ojú ìwé. Orúkọ ẹni tó tẹ ìwé wà lẹ́yìn gàdàgbà pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù. Mo jókòó sí àga abẹ́ kánópì, mò ń jẹ ìrẹsì, mo gbọ́ tí ọkùnrin kan ń sọ fún ẹni tó jókòó tì í pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Yaba ló yà á. Mi ò sọ nǹkan kan. Títí dòní mo ṣì ń bi ara mi ìdí tí mi ò fi sọ̀rọ̀.

Ìgbà tí mo wá kà nípa Ménageot, mo gbé fóònù kalẹ̀, mo jókòó sínú òkùnkùn.

Lórí ọ̀rọ̀ eyín yìí náà, wọ́n bú Elisabeth. Lọ́dún 1787 ó gbé àwòrán ara ẹ̀ síta, ó gbá ọmọ ẹ̀ mọ́ra, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, eyín ẹ̀ hàn fírí. Àwọn ọlọ́lá ní kí lèyí, wọ́n ní àwọn àgbà ayàwòrán ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí, wọ́n ní kì í yẹ èèyàn pàtàkì kó ṣí eyín sílẹ̀ nínú àwòrán. Nílẹ̀ Yorùbá tá a ti ń pe èèyàn ní eyínfúnjowó, tí wọ́n máa ń pa ẹ̀jí sẹ́nu ọmọ tí Ọlọ́run ò fi fún! Tó bá jẹ́ pé Ìkòròdú ló ti yà á ni, wọn ì bá ti ki í.

Ọdún yẹn kan náà ló ya olorì pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ̀. Ìlú ti ń bínú sí olorì nígbà yẹn, wọ́n fẹ́ kí àwọn èèyàn rí i pé abiyamọ lòun náà. Ọmọ mẹ́rin ló bí, àbíkẹ́yìn wọn, Sophie, kú kí àwòrán yẹn tó parí, kò pé ọmọ ọdún kan. Ẹni tó bá mọṣẹ́ mọ̀ pé wàhálà dé nìyẹn, ṣé kó yọ bẹ́ẹ̀dì ọmọ kúrò ni àbí kó fi í sílẹ̀? Ó fi í sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì ṣófo, inú ẹ̀ ṣókùnkùn, ẹ̀gbọ́n ọmọ náà ọkùnrin gbé aṣọ tó bò ó, ó ń nàka sínú ẹ̀. Olorì ò wo ibẹ̀. Lọ́dún 1789 ọmọkùnrin tó ń nàka yẹn náà kú, olorì ò wá lè kọjá níbi tí wọ́n gbé àwòrán náà kọ́ sí mọ́ láìsunkún, ó ní kí wọ́n gbé e kúrò, gbígbé tí wọ́n gbé e pamọ́ yẹn ló sì kó o yọ nígbà tí àwọn ará ilẹ̀ Faransé dìde sí ọba wọn tí ìlú dojú rú. Ó ṣì wà ní Versailles dòní.

Òru ọjọ́ tí wọ́n fi ipá kó ọba àti olorì kúrò ní Versailles, ní oṣù kẹwàá ọdún 1789, ni Elisabeth sá. Ó wọṣọ bí obìnrin tálákà, ó fi gèlè bò títí dé ojú, ó mú ọmọ ẹ̀ àti obìnrin tó ń tọ́jú ọmọ, wọ́n wọ ọkọ̀ èrò láàárín àwọn ará ìta. Ọdún 12 ló lò lẹ́yìn odi. Róòmù, Naples, níbi tó ti ya olorì ìlú yẹn, ẹ̀gbọ́n Marie Antoinette, lẹ́yìn náà Vienna, lẹ́yìn náà Rọ́ṣíà, níbi tó ti lo ọdún mẹ́fà. Gbogbo ibi tó dé ni wọ́n ti ń tò sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀, lẹ́yìn tí kò sí ọkọ nítòsí, owó ẹ̀ wá wà lọ́wọ́ ẹ̀. Vienna, ìlú tí wọ́n ti bí olorì yẹn, ló wà nígbà tí ìròyìn dé pé wọ́n ti pa á.

Ìjọba tuntun ilẹ̀ Faransé ti fi orúkọ Elisabeth sínú ìwé àwọn tó sá fìlú sílẹ̀, ẹni tó bá wà níbẹ̀ ò lè padà wálé. Èèyàn 255, àwọn ayàwòrán àtàwọn ọ̀mọ̀wé, ló fọwọ́ síwèé pé kí wọ́n yọ orúkọ ẹ̀. Èèyàn 255 fi orúkọ tiwọn sílẹ̀ nítorí orúkọ obìnrin kan. Ọdún 1802 ló padà dé Paris. Ọmọ ẹ̀ kan ṣoṣo yẹn kú lójú ẹ̀ lọ́dún 1819, mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ síbẹ̀. Òun fúnra ẹ̀ kú lọ́dún 1842, ẹni ọdún 86, àwòrán ojú èèyàn tó yà lé ní 600. Wọ́n kọ ọ́ sára òkúta ibojì ẹ̀ ní Louveciennes pé, níhìn-ín ni mo ti wá sinmi.

Àwọn kan á ní kí ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ òyìnbó tó ti kú tipẹ́. Ẹ jẹ́ n bi wọ́n, ta ló mọ Clara Ugbodaga-Ngu? Gbogbo wa la mọ Bruce Onobrakpeya, gbogbo wa la mọ Yusuf Grillo, àwọn àgbà wa ni, mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Ilé ẹ̀kọ́ Zaria tí wọ́n ti kàwé, Clara ń kọ́ni níbẹ̀ láti 1955, òun nìkan ni ọmọ Nàìjíríà láàárín àwọn tó ń kọ́ni níṣẹ́ ọnà níbẹ̀ nígbà yẹn, obìnrin sì ni. Mo bi ọmọ mẹ́wàá tó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà, kò sẹ́ni tó gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí.

Ohun tí mò ń tọrọ ò le, ẹ̀yin Olóòtú wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tún fọ́tò yẹn gbé jáde lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kò ní kó tóbi, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé Elisabeth Vigée Le Brun ló yà á, 1783. Kẹ́ ẹ sì bá mi sọ fún àwọn tó ń ya fọ́tò fún yín pé tí wọ́n bá dé ibi tí àwòrán wà lára ògiri, ì báà ṣe ní Badagry, ì báà ṣe ní Ẹ̀pẹ́, kí wọ́n bèèrè ẹni tó yà á kí wọ́n tó yọ fóònù.

Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ti yọ ìwé ìròyìn yẹn lábẹ́ tábìlì. Mo dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè mo bá fọ́tò olorì yẹn lára ògiri ṣọ́ọ̀bù, ó ti gé e, ó ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ó fi búrọ́ọ̀ṣì tó kéré jù kọ orúkọ ayàwòrán sábẹ́ ẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dà pupa. Ó ṣi ọ̀kan nínú lẹ́tà ẹ̀ kọ, mo bá a tún un ṣe.

Èmi ni tiyín,
Abọ́sẹ̀dé, ayàwòrán,
Ìkòròdú.